Má Sún Mọ́ Mi

Wọ́n ní iyọ̀ kì í ba nǹkan jẹ́, adùn ló ń mú wá. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá sọ ọ́ níwájú mi. Iyọ̀ ọ̀rá kan ṣoṣo, èyí tí èmi fúnra mi fẹsẹ̀ mi rìn lọ rà, ló lé àgbàlagbà kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ahọ́n mi wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ níkùn mi débi pé ó ti kan, ẹ jẹ́ kí n bì í síta kó tó pa mí.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Ìjọ́rà, lẹ́yìn afárá, níbi tó jẹ́ pé aṣọ funfun téèyàn bá sá láàárọ̀ á ti pàwọ̀ dà kó tó di ọ̀sán nítorí èéfín tírélà. Síńkì ìfọwọ́ là ń ṣe níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe síńkì: wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú amọ̀ funfun, wọ́n á pò ó mọ́ omi títí á fi máa ṣàn bíi wàrà, wọ́n á wá dà á sínú móòdù tí wọ́n fi POP ṣe. Móòdù á fa omi mu, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tó bá ti nípọn tó, wọ́n á da ìyókù jáde, wọ́n á tú móòdù, síńkì tútù á yọ. Wọ́n á sá a, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sun ún nínú ààrò. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí omi amọ̀ yẹn kò bá dáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́, síńkì á sán ni.

Ọkùnrin tó ń po omi amọ̀ náà, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, a kì í fi orúkọ kankan kún un. Ará òkè ni, láti apá Ọ̀yọ́, mùsùlùmí tí kì í fi Jímọ́ọ̀ ṣeré. Ilé kéwú nìkan ló lọ. Kò sí ìwé, kò sí òṣùwọ̀n. Yóò ti ìka méjì bọ inú omi amọ̀, yóò gbé e sókè, yóò máa wò ó bó ṣe ń ṣàn kúrò. Bó bá ṣàn tó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí èékánná rẹ̀, á mi orí. Bó bá kán tótó bí omi lásán, tàbí tó dì mọ́ ọn lọ́wọ́, á pòṣé. N kò rí i kó ṣì í rí.

Èmi wá rèé, ọmọbìnrin tó jáde ní pólì. Sáyẹ́ǹsì ni mo kà. Wọ́n gbà mí pé kí n máa bójú tó yàrá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní láàbù, níbi tí òṣùwọ̀n kan wà àti ife kan tí a fi ń mọ bí omi amọ̀ ṣe ń ṣàn sí. Ẹ̀kọ́ ń gùn mí nígbà náà, kí n má purọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo lọ bá Bàbá nídìí táńkì, mo ní kí n là á lọ́yẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo lẹ́búlẹ́bú amọ̀ tó bá ti wọ omi, iná kékeré kan máa ń wà lára wọn?"

Ó wojú mi. "Iná? Ṣé ìyẹn náà máa ń lọ bíi ti ìjọba?"

Àwọn tó ń da móòdù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ń bá a lọ. Mo ní irú iná kan náà ló wà lára gbogbo wọn, irú kan náà kì í sì í fẹ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé ara wọn kiri nínú omi, tí wọn kò fi lè fara kanra kí wọ́n rì sísàlẹ̀. Mo ní oògùn olómi tí ẹ̀ ń dà sí i yẹn, wótàgíláàsì, òun ló ń fi kún iná náà.

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ò ń pè ní iná yẹn, má-sún-mọ́-mi lèmi ń pè é kí wọ́n tó bí ọ. Orogún ni wọ́n. Kí orogún mẹ́rin wà nínú ilé kan, kí kálukú di ìyẹ̀wù tirẹ̀ mú, ilé á gún. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣọ̀kan, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí baálé yáa sá." Ó tún ti ìka bọ inú táńkì. "Àlàáfíà ló ń ba omi amọ̀ jẹ́. Lọ kọ ìyẹn sínú ìwé ẹ."

Mo lọ kọ ọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ́ mi. Ó fi hàn mí pé bí wótàgíláàsì bá kéré, amọ̀ á sùn, kò ní ṣàn dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, amọ̀ á tún dì padà, á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife omi amọ̀ kan níṣojú mi, gbogbo rẹ̀ ṣù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi fún un, pé bí nǹkan kíkan bá ń pọ̀ sí i, iná ara amọ̀ á máa dín kù, títí á fi kan ojú ibì kan tí kò ní sí iná lára wọn rárá. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ yẹn ni mo bá wọn." Inú rẹ̀ dùn pé ìwé ti wá bá òun nílé.

Iyọ̀ gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Mo bu omi amọ̀ dídára sínú ìgò méjì lọ́jọ́ kan, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀kan. Kí a tó jẹ búrẹ́dì wa tán, èyí tó ní iyọ̀ ti ṣù, ó ti ń rọ́ lọ sísàlẹ̀, omi mímọ́ ti ń hàn lókè rẹ̀. Èkejì ṣì funfun délẹ̀ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé iyọ̀ kì í pa iná náà, ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, wọ́n á wá fara kanra láìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀, pé kí ni mo rò pé òun ń tọ́ omi wò sí?

Nítorí pé gbogbo omi tó bá wọ ọgbà wa, Bàbá gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kàn án. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Tó bá ti kún, omi kànga ẹ̀rọ wa máa ń ní iyọ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní mọ̀. Bàbá á mọ̀. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, táńkà ló ń bá wa gbé omi wá, ó sì ti dá táńkà padà níṣojú mi nígbà tí dírẹ́bà ń bú u ní Pidgin pé "Baba, na water be this, no be soup!" Bàbá ní kó máa gbé e lọ fún àwọn tó fẹ́ se ọbẹ̀. Mánéjà bínú títí lọ́jọ́ náà. Bàbá padà sídìí táńkì rẹ̀.

Ìgbà tó yá, a gba iṣẹ́ ńlá kan, síńkì òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan. Ọ̀gá pátápátá, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ra táńkì tuntun fún omi amọ̀, ó tó bíi dúrọ́ọ̀mù méjì. Bàbá fọ̀ ọ́ léraléra. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni a máa bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ló ti po omi amọ̀ àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, ó ṣàn dáadáa. Kò sí èyí tó dáa tó o rí. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Bàbá wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀, ó dé fìlà, ó sì yíjú sí mi.

"Mo fi sí ọ lọ́wọ́ o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Ẹ lọ fọkàn yín balẹ̀, sà."

Kò tíì dé títì tí mánéjà fi pè mí. Ó ní ọ̀gá ti pe olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wà, pé kí wọ́n wá fi àdúrà ṣí táńkì, kí n sáré lọ ra iyọ̀ wá. Mo lọ. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta nǹkan lábẹ́ afárá ni mo ti rà á, ọ̀rá kan. Ẹ gbọ́ o, mo mọ̀ bí a ṣe ń fi iyọ̀ ṣàdúrà. A máa ń fi díẹ̀ tọ́ ọ lẹ́nu ni, o ní àmín, ó tán. Ohun tí mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn.

Olórí ẹbí náà dé, agbádá funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹni tó ti gbọ́ pé òun ló ni ilẹ̀ láti kékeré. Àwọn tó ń da móòdù ti lọ jẹun, àwa tó kù ni wọ́n fi iyọ̀ tọ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣàdúrà fún ọ̀gá, fún mánéjà, fún ọ̀nà ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gun àtẹ̀gùn méjì tó wà lára táńkì. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí ìdérí.

Wọ́n ní, "Iyọ̀ rèé o. Bí iyọ̀ ò bá sí, ọbẹ̀ ò lè dùn. Iṣẹ́ ilé yìí á dùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é, á dùn fún yín."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ọ̀rá náà sínú rẹ̀.

Wọn ò yára dà á. Ẹ má rò pé ó ṣẹlẹ̀ wìrì. Ọwọ́ àgbà ni, iyọ̀ ń dà ṣẹ́ẹ́ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ́. Àyè wà láti pariwo. Àyè wà láti kúnlẹ̀ kí n ní "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú, amọ̀ ò gba iyọ̀." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni lẹ́tà mi. Oṣù mélòó kan ni mo ti ń retí kí wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì ọ̀gá, kò tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dojú kọlẹ̀, ó ń ṣàmín. Ta ni mí tí màá já àdúrà onílẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀? Èmi náà ṣàmín. Mo tún ṣe é sókè kí wọ́n lè gbọ́ ohùn mi.

Nígbà tí Bàbá fi máa dé, àwọn àlejò ti wà lókè lọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ń jẹun. Ọ̀kan lára àwọn tó ń da móòdù ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Baba, this thing no gree pour o." Bàbá ti ìka méjì bọ inú táńkì. Ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Ó da wótàgíláàsì díẹ̀ sí i, ó rò ó, ó tún le sí i. Ó dúró. Ó fi ìka kan ahọ́n.

Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀. "Ta ló fi iyọ̀ sí i?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

"Ṣebí o wà níbí?"

"Mo yà lọ tọ̀, Bàbá."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Èmi tí mo sọ ọ́ gbọ́ bó ṣe fọ́. Bàbá gòkè lọ bẹ mánéjà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun da gbogbo rẹ̀ nù kí òun po òmíì. Mánéjà ní orí Bàbá ò pé, pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ń dúró, kí wọ́n bu omi là á kí wọ́n máa dà á. Wọ́n bu omi là á. Síńkì tó jáde nínú móòdù rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, àwọn kan sán níbi tí a sá wọn sí. Àwọn tó kù wọ ààrò. Nígbà tí wọ́n ṣí ààrò, kò sí ọ̀kan tí kò sán, èyí tó dáa jù nínú wọn sán láti etí dé ojú ihò.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: ọ̀gá, mánéjà, Bàbá, èmi. Bàbá ò jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, iyọ̀ ló wà nínú amọ̀ yẹn. Ahọ́n mi ò purọ́ fún mi rí." Mánéjà ní arúgbó ti ń dé, pé oògùn ló dà jù. Bàbá wá yíjú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí kò ní kí n dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní kí n jẹ́rìí sí ohun tí mo rí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Ṣáà sọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí amọ̀ fún wọn. Ìyẹn nìkan."

Ìyẹn nìkan. Ọmọ ilé ìwé girama lè sọ ọ́. Ìgò méjì yẹn ṣì wà lórí fèrèsé láàbù mi.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí lo rí sí i?"

Mo ní, "Bí wótàgíláàsì bá pọ̀ jù, sà, ó máa ń dì bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni o. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bàbá gan-an ló kọ́ mi. Mo mú ẹ̀kọ́ tó fi ìfẹ́ kọ́ mi, mo fi gún un lójú ara rẹ̀. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò. Ó ní, "Ó dáa." Ó bọ́ sí ìta, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ míì fẹ́ gbà á, tí wọ́n ní kó gba lẹ́tà ìwà rere wá, ohun tí ọ̀gá kọ sí i ni pé ó ba iṣẹ́ jẹ́. Ta ló máa fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gba alámọ̀? Èmi, wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà tèmi. Wọ́n tún ní kí n máa bójú tó táńkì.

Mo ṣe é títí ọkàn mi ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan mo wọlé tọ ọ̀gá lọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: pé èmi ni mo ra iyọ̀, pé àdúrà yẹn ló ba amọ̀ jẹ́, pé Bàbá ò ṣe nǹkan kan. Mo ń sunkún. Ọ̀gá ń wo fóònù rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ò rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn ni? Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, sà?"

"Ṣé kí n wá lọ sọ fún ẹbí tó ni ilẹ̀ pé àdúrà bàbá wọn ló fọ́ síńkì mi? Kí wọ́n ní kí n kó ẹrù mi? Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ̀bi." Ó gbójú sókè. "Mo kàn bi ọ́ nípàdé kí n lè mọ ibi tí wàá dúró sí ni."

Háà! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọ̀rọ̀ àwọn tó yó nìyẹn. Tèmi, òtítọ́ bá a lóòótọ́, ó bá a nínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo fóònù. Ká ní mo sọ̀rọ̀ nípàdé ni, bóyá wọn ì bá ṣì lé Bàbá. Bóyá wọn ì bá lé àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n Bàbá ì bá lọ pẹ̀lú ẹ̀rí ẹnì kan. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, mo sì kórìíra ara mi fún un.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n lọ yẹ wótàgíláàsì wò nílé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, kí wọ́n tó gbé e fún wa. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ gbé mi dé géètì. Mégáàdì jáde, aṣọ kákì tó tóbi jù ú lọ, ìwé àlejò àti bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ni. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, amọ̀ ti kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ pátápátá.

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ lórí títì. Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Mo rò pé kò dá mi mọ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ọmọ láàbù ni. Èmi ni mo ra iyọ̀ yẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dà á sí i. Mo purọ́ fún yín, mo tún purọ́ mọ́ yín. Ẹ dákun, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

Ó ní, "Mo mọ̀ yín, mà. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yín á dọ̀tí."

Ẹ ni o. Ẹ̀yin. Àgbàlagbà tó lè bí mi lọ́mọ, ẹnu tó ń pè mí ní ọmọ mi, òun ló ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbá ṣépè fún mi, màá dúpẹ́. Mo di ẹsẹ̀ sòkòtò rẹ̀ mú, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, kó pè mí ní ìwọ. Ó rọra sún sẹ́yìn títí aṣọ náà fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Tírélà ti dé lẹ́yìn wa, ó ń fun fèrè.

Ó na ìwé sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ orúkọ yín síbí, mà. Àti ẹni tí ẹ wá rí."